Onídùúró Ìdílé Ológun: Àròjinlẹ̀ lórí Wíwá Ilé Àyágbé ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò máa gbé kì í kọ́kọ́ sọ iye yàrá tó ń fẹ́. Orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa ń kọ́kọ́ dá. Bí àlejò kan bá dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìlú Ajalọ́run tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó sì fẹ́ yá yàrá méjì nítorí pé iṣẹ́ ìjọba gbé e débẹ̀, onílé yóò béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe, bóyá ó ní ìyàwó, àti ẹni tó lè dúró fún un. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló wúwo jù, nítorí pé òun ló ń pinnu bóyá àwọn yòókù yóò já sí nǹkan. Onídùúró ni ẹni tí onílé yóò dì mú bí ayálégbé bá sá lọ láìsan owó ilé tàbí tó ba ilé jẹ́, òun kan náà sì ni ẹni tí ayálégbé yóò sá tọ̀ bí onílé bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó bá ń jíhìn fún onílé nìkan, tí kò jíhìn fún ayálégbé, kò tíì ṣe onídùúró tán. Ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ìdílé ọmọ ogun tí wọ́n gbé lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbi tó ń lọ. Ìwé àṣẹ ti dé, ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọ ibùdó tuntun ti wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ti fi iléèwé sílẹ̀, ẹrù ti wà lójú omi, ṣùgbọ́n ní ìlú tí wọ́n dojú kọ, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí ará ìlú ẹni, kò sí ọmọ ìjọ tàbí ẹlẹ́gbẹ́ tó lè bá onílé sọ̀rọ̀ ní èdè tí onílé gbọ́. Ohun tí àròkọ yìí dì mú ni pé iléeṣẹ́ ológun tó pàṣẹ ìrìn àjò náà ni onídùúró irú ìdílé bẹ́ẹ̀, yálà ó gbà bẹ́ẹ̀ tàbí kò gbà. Bí iléeṣẹ́ náà bá ṣe iṣẹ́ yìí láti ìhà méjèèjì, ìdílé náà yóò rí ilé tó dára; bí ó bá ṣe é lápá kan, tàbí tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá, àwọn tí kò bá a wọṣẹ́ rárá, ìyẹn aya, ọkọ àti ọmọ, ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti rí ọmọ ogun òkèèrè kí ọ̀rọ̀ ilé yíyá tó dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jagun ní Ìmàgbọ̀n, lára àwọn tí Ọ̀gágun Scott kó wá ni àwọn ọmọ ogun West India Regiment, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti àwọn erékùṣù Karibíà, pẹ̀lú àwọn Haúsá tí wọ́n gbà síṣẹ́ ogun ní Èkó àti ní Gold Coast tó di Gánà lónìí. Kò sí ẹni tó wá ilé yá nínú wọn, nítorí pé ẹni tó fi ìbọn wọ̀lú kì í bi onílé ní iye owó ilé. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbà kí aya ọmọ ogun máa bá ọkọ rẹ̀ gbé nínú àwọn ahéré tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ pápá ìdánrawò, wọ́n sì fi obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Magajiya, oyè tó ti inú èdè Haúsá wá, ṣe olórí àwọn obìnrin ibẹ̀. Magajiya ló ń parí ìjà, òun ló ń mú aya tuntun mọ bárékè, òun náà ló ń gbé ẹ̀dùn ọkàn àwọn obìnrin lọ bá àwọn ọ̀gá. Orúkọ oyè náà kò tíì parẹ́ nínú bárékè Nàìjíríà títí di òní. Ahéré kì í ṣe ilé ńlá, ìjọba tó sì kọ́ ọ kò bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, síbẹ̀ aya ọmọ ogun ìgbà náà ní ẹni tó lè pè bí òrùlé bá ń jò, èyí tí ọ̀pọ̀ aya ọmọ ogun tó lọ́lá jù ú lọ lóde òní kò ní.

Ogun Àgbáyé Kejì gbé ọmọ ogun ilẹ̀ yìí lọ jìnnà débi tí aya kò lè bá a dé. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà nínú ìpín ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin, owó tí wọ́n bá yọ sọ́tọ̀ lára owó oṣù wọn ni ìdílé wọn ń gbà nílé. Nígbà tí wọ́n padà dé, ohun tí wọ́n mú bọ̀ di orúkọ ibùgbé: bárékè Arakan ní Àpápá, Dodan ní Ìkòyí, Myohaung ní Yábàá àti Letmauk ní Ìbàdàn, ojú ogun Bọ́mà ni wọ́n fi sọ gbogbo wọn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Letmauk lè dàgbà, kó lọ síléèwé, kó sì lọ́mọ, láìmọ̀ pé ibi tí àwọn baba ti sùn sínú kòtò láìní òrùlé ni àdírẹ́sì ilé òun.

Wàhálà ilé ọmọ ogun wá hàn kedere ní Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí iye wọn tó nǹkan bí 10,000 ní 1966 ti di nǹkan bí 250,000, bárékè tó wà nílẹ̀ kò sì lè gbà wọ́n, tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé láàárín ìlú nínú ilé àyágbé àti nínú ilé tí ìjọba gbà fún wọn. Ìjọba ológun tí Gowon ń darí nígbà náà pinnu láti kọ́ bárékè sí ọ̀pọ̀ ìlú, èyí sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì lókèèrè, tí 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ ti Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò, nígbà tí sìmẹ́ǹtì tí èbúté Èkó lè já lọ́dún kan kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí ẹnu èbúté, sìmẹ́ǹtì ń dì mọ́ inú wọn, ìjọba sì ń san owó ìdádúró fún àwọn ọlọ́kọ̀. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń sọ ọ́ bí ìtàn ojúkòkòrò àti àìmọ̀ṣírò, wọn kò sì purọ́; ṣùgbọ́n ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé tí ìjọba ti mú olórí wọn lọ sójú ogun láìronú ibi tí wọn yóò máa gbé lẹ́yìn ogun.

Àwọn ọdún ìjọba ológun tún dá ẹrù mìíràn lé orí ìdílé wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ onílé ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú Ìjẹ̀bú ni kì í fẹ́ fi ilé fún sójà, bí wọn kì í ti í fẹ́ fi fún ọlọ́pàá tàbí lọ́yà, nítorí pé wọn kò rí ẹni tí wọn yóò fẹjọ́ irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ sùn bí kò bá sanwó. Ta ni yóò wọ́ ẹni tó wọ aṣọ ìjọba lọ sí kóòtù ìjọba, nígbà tí ìjọba gan-an wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀? Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí: iléeṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ onídùúró kò jíhìn fún onílé. Ẹni tí ìyà rẹ̀ jẹ ni ìyàwó tó ń gbé ọmọ káàkiri ọ́fíìsì alágbàtà, tó ń fi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ pamọ́, tó sì tún ní láti wá owó ọdún kan tàbí méjì, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé ọdún kan. Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé kí onílé má ṣe gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì yọ àwọn àdúgbò kan bí Ìkòyí àti Àpápá sílẹ̀. Ẹni tó bá ti wá ilé ní Èkó mọ bí òfin náà ṣe rìn tó.

Iṣẹ́ ogun kan náà ní ojú mìíràn ní agbègbè Kaiserslautern ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì, níbi tí pápá ọkọ̀ òfuurufú ológun Ramstein àti ilé ìwòsàn ológun Landstuhl wà, tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ibẹ̀, ọmọ ogun, òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn, sì lé ní 50,000. Kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ pé kí a rí ọmọ Yorùbá nínú ogun Amẹ́ríkà. Àwọn kan wọlé pẹ̀lú ìwé ìgbélùú, àwọn kan jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, àwọn mìíràn sì gba ọ̀nà ètò MAVNI tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tó gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí ogun Amẹ́ríkà nílò láàyè láti wọṣẹ́ kí wọ́n sì yára di ọmọ ìlú. Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò wà lára àwọn èdè náà, kí wọ́n tó ti ètò ọ̀hún pa ní 2016. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi èdè ìyá rẹ̀ wọṣẹ́ lè bá ara rẹ̀ níwájú onílé tó jẹ́ pé èdè Jámánì nìkan ló gbọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìdílé irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ni ìfọwọ́sí iléeṣẹ́ ológun pé aya àti ọmọ lè bá ọmọ ogun náà lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní command sponsorship. Láìsí i, ọmọ ogun nìkan ni ìjọba mọ̀, bí ó tilẹ̀ kó ọmọ mẹ́rin dání. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dé, wọn yóò wọ ilé ìgbà díẹ̀, ìjọba yóò sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú owó rẹ̀ fún àkókò tí kì í sábà kọjá 60 ọjọ́. Láàárín àkókò yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí ilé nínú ibùdó tàbí kí wọ́n gba àṣẹ láti yá ti aráàlú. Bí ó bá jẹ́ ti aráàlú, owó ìrànwọ́ ilé fún ilẹ̀ òkèèrè, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OHA, yóò san owó ilé náà gan-an títí dé òdiwọ̀n kan tó bá ipò ọmọ ogun náà mu àti bóyá ó ní ìdílé. Bí owó ilé bá kéré sí òdiwọ̀n, ìyókù kì í ṣe tirẹ̀; bí ó bá pọ̀ jù ú lọ, àpò ara rẹ̀ ni àfikún yóò ti jáde. Àwọn onílé mọ òdiwọ̀n yìí dáadáa, nítorí náà ayálégbé kò ní ìdí láti dúnàádúrà, onílé kò sì ní ìdí láti dín owó kù. Aráàlú Jámánì tó ń wá ilé kan náà, tí kò sí ìjọba kankan lẹ́yìn rẹ̀, ni ọ̀wọ́n ilé máa ń dun jù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì yẹ kí ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú lórí ìdúró.

Ìyàlẹ́nu wà nínú ilé náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé àyágbé ní Jámánì ni kò ní kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, wọn kò ní gílóòbù iná lókè àjà, nígbà mìíràn ilé ìdáná lè má ní síǹkì àti sítóòfù, nítorí pé ayálégbé tó kó jáde kó tirẹ̀ lọ. Owó ilé tí wọ́n ń pè ní Kaltmiete, èyí tí í ṣe ti ilé nìkan, yàtọ̀ sí Warmmiete tó ti ní owó ìgbóná ilé, omi àti ìtọ́jú àyíká nínú, ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè ṣírò owó oṣù rẹ̀ kó sì ṣì í. Owó ìdógò, tí ń jẹ́ Kaution, kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ, òfin sì gba ayálégbé láàyè láti san án ní ìgbà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni onílé gbọ́dọ̀ fi í sí àpamọ́ ọ̀tọ̀ ní báńkì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2015, ẹni tó bá pe alágbàtà ló ń sanwó fún un. Ẹni tó ti Èkó tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lọ yóò ka òfin wọ̀nyí tìyanu-tìyanu, nítorí pé owó ilé oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Síbẹ̀, kì í ṣe owó OHA ló jẹ́ kí onílé Kaiserslautern máa wá sójà tí onílé Èkó ń sá fún. Ó ṣe tán, ọlọ́rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gágun Nàìjíríà, ìyẹn kò sì mú kí onílé fẹ́ràn wọn. Ohun tó ṣe ìyàtọ̀ ni ọ́fíìsì ilé tó wà nínú ibùdó, tó ní àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Jámánì tó gbọ́ èdè méjèèjì. Ọ́fíìsì yìí ń ka ìwé àdéhùn kí ọmọ ogun tó buwọ́ lù ú, ó ń pe onílé bí ẹ̀rọ ìgbóná ilé bá dákẹ́, ó ń gbọ́ ẹjọ́ onílé bí ayálégbé bá ń jẹ owó, ó sì lè ta àwọn ọmọ ogun lólobó nípa onílé tó ń rẹ́ni jẹ. Òun náà ló ń rí i pé gbólóhùn kan wọ inú àdéhùn, èyí tó gba ọmọ ogun láàyè láti jáde láàárín nǹkan bí oṣù kan bí ìwé àṣẹ tuntun bá dé, nítorí pé òfin Jámánì béèrè ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ayálégbé, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ọmọ ogun lórí ọ̀rọ̀ ilé kò sì de onílé ilẹ̀ mìíràn. Ìdúró láti ìhà méjèèjì nìyí.

Ṣùgbọ́n onídùúró yìí ní ibi tí ojú rẹ̀ kò dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kan àwọn Yorùbá jù. Iléeṣẹ́ ológun ń ka aya àti ọmọ láti mọ iye yàrá tó yẹ ìdílé. Kò ka ìyá àgbà tó ti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá wẹ ọmọ tuntun, kò ka àbúrò ìyàwó tó ń bá wọn gbé láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, àfi bí wọ́n bá ti fi ìwé jẹ́rìí sí i tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ogun náà ló ń bọ́ wọn. Nínú ilé ìjọba, àlejò tó bá fẹ́ pẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ìlú tí òtútù rẹ̀ kò mọ, tí ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò lè sọ ibi tó wà, yàrá kan tí ìyá rẹ̀ ìbá sùn sí kì í ṣe àfikún ìgbádùn. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò ilé fún ọmọ ogun láti ilẹ̀ Áfíríkà mọ èyí, kí wọ́n sì kà á mọ́ ohun tí ìdílé nílò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn, nítorí pé fún ọmọ Nàìjíríà tó wọ ogun ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́múnwẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni òkèèrè. Ọmọ ogun tó gbéyàwó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé ìjọba, ṣùgbọ́n aya gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, wọ́n béèrè pé kí ọmọ ogun náà máa gba ó kéré tán 18,600 pọ́n-ùn lọ́dún kó tó lè mú aya wá, kí ó fi 3,800 kún un fún ọmọ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àti 2,400 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó kù. Ẹni tó bá ní ìyàwó àti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ méjì ní láti ní 24,800 nígbà náà, owó ọmọ ogun kékeré kò sì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti yí iye náà padà láti 2024, ṣùgbọ́n fún bí ọdún mẹ́wàá, ọmọ ogun kan lè ní ẹ̀tọ́ sí ilé tí ìdílé rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti wọ̀.

Àwọn ilé náà gan-an ní ìtàn tó yẹ kó kọ́ ìjọba Nàìjíríà lọ́gbọ́n. Ní 1996, Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta ilé ìdílé ọmọ ogun tó lé ní 57,000 fún iléeṣẹ́ Annington ní 1.66 bílíọ̀nù pọ́n-ùn, ó sì yá wọn padà fún 200 ọdún, nípa èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi di ayálégbé tó ń san owó ilé, tó tún ń ṣe àtúnṣe ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Owó ilé ń gòkè, ilé ń gbó, ìdílé ọmọ ogun sì ń kígbe nípa ọ̀rinrin, ìrà ara ògiri àti ẹ̀rọ ìgbóná tó kú nígbà òtútù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba ra 36,347 nínú ilé náà padà ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́fà pọ́n-ùn. Ohun tó mú kí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yẹn burú kì í ṣe àdánù owó nìkan, bí kò ṣe pé ẹni tí ìdílé ń ké pè kò ní àṣẹ kíkún lórí ilé tó fi wọ́n sí.

Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni àìpé ìdúró yìí máa ń hàn jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé ọmọ ogun tó fẹ̀yìntì ní 93 ọjọ́ láti kúrò nínú ilé ìjọba. Láti ọdún 2016 sì ni òfin ti béèrè pé kí onílé káàkiri England yẹ ìwé ìgbélùú ẹni tó fẹ́ yá ilé rẹ̀ wò, nígbà tí ààbò tí ọmọ ogun Kọ́múnwẹ́ẹ̀tì ní lábẹ́ òfin ìwọ̀lú ń dópin ní ọjọ́ tó bọ́ aṣọ ogun. Láti 2022, ẹni tó ti sìn fún ọdún mẹ́fà kò san owó ìwé ìgbélùú mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ètò náà lélẹ̀, kò kan aya àti ọmọ. Ní Nàìjíríà, opó ọmọ ogun tó kú sójú ogun ní láti kó jáde kúrò ní bárékè lẹ́yìn àkókò tí wọ́n fún un, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ní ìlú tó lè má jẹ́ ti ọkọ tàbí tirẹ̀, pẹ̀lú owó ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀ tó lè má tíì jáde.

Kò sí ohun tó dí iléeṣẹ́ ológun kankan lọ́wọ́ láti kọ ìwé ìdúró kan fún irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ ogun wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìwé tí yóò sọ iye ọdún tí ìdílé náà ti gbé nínú ilé ìjọba, bí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ sí, bí wọ́n ti san ohun tó yẹ kí wọ́n san sí, àti ọ́fíìsì tí onílé lè kọ̀wé sí láàárín ọdún kan àkọ́kọ́ bí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀. Orúkọ aya náà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà lórí ìwé yìí, kì í ṣe ti ọkọ nìkan, nítorí pé òun ló wá ilé ní gbogbo ibi tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ, òun ló sì tọ́jú àwọn ilé náà.